Síléètì Létí: Ìtàn Fóònù Ńlá àti Ọ̀rọ̀ Ìkọ̀kọ̀

Ní ọdún 2013, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi tábúlẹ́ẹ̀tì kan ránṣẹ́ sí màámi. Ojú rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì méje, ó sì ní ihò tí wọ́n ń ki síìmù bọ̀. Ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀gbọ́n mi ni pé kí màámi máa rí fọ́tò àwọn ọmọ-ọmọ wọn dáadáa, nítorí ojú àgbà. Àmọ́ lọ́sẹ̀ náà gan-an ni bátìrì fóònù kékeré tí màámi ń lò wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Kò sówó láti ra òmíràn. Màámi yọ síìmù wọn, wọ́n kì í bọ inú tábúlẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ parí. Láti ọjọ́ yẹn lọ, bí ẹnikẹ́ni bá pè wọ́n, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gbé e sétí. Á bo etí, á bo ẹ̀rẹ̀kẹ́, á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká.

Àwa ọmọ ò lè pa ẹ̀rín mọ́nú. Èmi ni mo kọ́kọ́ pè é ní síléètì. "Màámi, ẹ tún ti gbé síléètì yín sétí? Ṣé tíṣà ti dé ni?" Àbúrò mi yà wọ́n ní fọ́tò, ó fi sórí BBM. Màámi ò bínú. Wọ́n kàn ní, "Ṣebí mò ń gbọ́ wọn, wọ́n sì ń gbọ́ mi. Kí ló kù?"

Mo máa padà síbi ọ̀rọ̀ síléètì yìí, torí ó níbi tó já sí, ibi tó já sí yẹn ló sì jẹ́ kí n kọ àròkọ yìí. Kí a tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ta ló kọ́ wa pé fóònù tó bá tóbi létí, ẹ̀rín ni? Bí ẹ bá wo ìtàn fóònù alágbèéká láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ti tóbi rí, ó ti kéré rí, ó sì tún ti padà tóbi. Nínú gbogbo ìyípadà yìí, ẹnìkan ṣáà wà tó ń gbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń wá ibi tí yóò gbà jò.

Fóònù inú búùtù

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 1946, ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, awakọ̀ kan fa fóònù yọ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì fi pe ènìyàn láti inú ọkọ̀. Báyìí ni ètò fóònù inú ọkọ̀ tí iléeṣẹ́ Bell dá sílẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ má rò pé ohun tí ènìyàn lè kì bọ àpò ni o. Gbogbo ẹ̀rọ náà wúwo tó nǹkan bí kílò 36, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpò símẹ́ńtì kan. O ò lè pe nọ́ńbà fúnra rẹ. Òṣìṣẹ́ tẹlifóònù kan ló máa bá ọ so ó pọ̀ mọ́ ẹni tí o fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ìkànnì ò tó nǹkan, nítorí náà ńṣe làwọn èèyàn ń dúró de ara wọn. Ẹni tó bá sì wà lórí ìkànnì kan náà lè máa gbọ́ ohun tí o ń bá ìyàwó rẹ sọ.

Ọdún 27 kọjá kí fóònù tó jáde kúrò nínú ọkọ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 1973, Martin Cooper, ẹnjiníà iléeṣẹ́ Motorola, dúró sí ojú títì ní New York, ó gbé ẹ̀rọ kan tó wúwo ju kílò kan lọ sétí. Ta ló pè? Kì í ṣe ìyàwó rẹ̀, kì í sì í ṣe ìyá rẹ̀. Joel Engel ló pè, ọkùnrin tí wọ́n jọ ń figagbága, tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs. Ó pè é kó lè mọ̀ pé àwọn ti ṣáájú wọn. Ìpè àkọ́kọ́ lórí fóònù tí a ń mú rìn, fáàrí gbáà ni, àwọn tó ń kọjá lọ sì ń wò ó.

Ọdún 1983 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa tà á. DynaTAC 8000X ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bíríkì ni àwọn èèyàn ń pè é. Iye rẹ̀ jẹ́ dọ́là 3,995. O máa fi ṣáàjì fún wákàtí mẹ́wàá kí o tó fi sọ̀rọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Síbẹ̀, ẹni tó bá ní i, kò ní fi pamọ́. Nígbà yẹn, fóònù ńlá létí, àmì ọlá ni.

Nílé wa ńkọ́? Ọdún 1985 ni wọ́n dá NITEL sílẹ̀. Fóònù ilé wà ní pálọ̀, lórí tábìlì kékeré tó ní aṣọ lésì lórí. Àwọn bàbá mìíràn a tún fi àgádágodo há ibi tí wọ́n ń yí nọ́ńbà, kí ọmọ má bàa jẹ wọ́n ní gbèsè. Bí o bá fẹ́ bá olólùfẹ́ rẹ sọ̀rọ̀, bàbá rẹ wà lórí àga, ìyá rẹ ń ṣa ẹ̀wà, àwọn àbúrò rẹ sì dákẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1993, fóònù alágbèéká tí gbogbo ayé mọ̀ sí 090 dé Èkó. Àwọn olówó nìkan ló tó o rà. Wọ́n á gbé e ka orí tábìlì lóde àríyá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọtí, kí gbogbo èèyàn lè rí i pé ó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ń fò ní ìhòòhò

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ olówó ìgbà náà ò mọ̀. Fóònù àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, bíi rédíò ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohùn rẹ á bọ́ sórí afẹ́fẹ́ láìwọ aṣọ. Ẹni tó bá ní skánà, ìyẹn rédíò tó lè wá ìkànnì kiri, lè jókòó sílé rẹ̀ kó máa gbọ́ ọ.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990, ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì, tó ń gbé ní Abingdon, gbọ́ ohùn ọkùnrin kan àti obìnrin kan lórí skánà rẹ̀, ó sì gbà á sórí kásẹ́ẹ̀tì. Obìnrin náà ni Diana, ìyàwó Charles, àrólé ọba nígbà náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọkùnrin ló ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù alágbèéká. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1992, ìwé ìròyìn The Sun gbé ọ̀rọ̀ náà síta. Kò pẹ́, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1993, ti Charles fúnra rẹ̀ náà jáde, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ òun àti Camilla. Yorùbá ní etí ọba ń bẹ nílé, etí ọba ń bẹ lóko, ènìyàn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, etí aráàlú ló wà nílé ọba.

Lábẹ́ agbòòrùn

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2001, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ta ìwé àṣẹ GSM ní mílíọ̀nù 285 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ, Econet àti MTN ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. GSM kì í ju ohùn sáfẹ́fẹ́ ní ìhòòhò. Ńṣe ló ń sọ ọ́ di àmì-nọ́ńbà, tó sì ń dì í. Ọ̀rọ̀ skánà dópin. Àmọ́ owó ńkọ́? Bí o bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún péré, owó odidi ìṣẹ́jú kan ni wọ́n máa yọ, títí di ọdún 2003 tí Glo dé pẹ̀lú owó ìṣẹ́jú-àáyá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò lágbára fóònù tiwọn.

Ibẹ̀ ni agbòòrùn ti wọlé. Ẹ̀yin tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 2000 lè má rántí rẹ̀ dáadáa. Ní ìkóríta, ní ẹnu ọjà, ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin kan á jókòó lábẹ́ agbòòrùn tó ní àwọ̀ iléeṣẹ́ fóònù, á gbé tábìlì kékeré síwájú, á fi páálí kọ iye owó ìṣẹ́jú kan. Fóònù GSM kékeré wà lọ́wọ́ àwọn kan nínú wọn. Àmọ́ nígbà tó yá, fóònù mìíràn ló gba orí tábìlì náà: fóònù ńlá bíi ti ọ́fíìsì, tó ní áńtẹ́nà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n tí kò ní wáyà ìlà tẹlifóònù. Àwọn iléeṣẹ́ bíi Starcomms àti Multi-Links ló ń ta ìlà wọn. Tọkùnrin tobìnrin á jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú oòrùn, wọ́n á gbé ọwọ́ fóònù ńlá náà sétí, wọ́n á máa fi ọ̀rọ̀ ilé wọn ránṣẹ́.

Kí lẹ rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ sí àṣírí níbẹ̀? Afẹ́fẹ́ ti tì ilẹ̀kùn, bẹ́ǹṣì ṣí i sílẹ̀. Ẹni tó kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ojú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, etí rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ. Ìyá oníagbòòrùn ń wo aago, ó sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀: ẹni tí ọkọ rẹ̀ ò fi owó ránṣẹ́, ẹni tí ilé-ẹ̀kọ́ lé, ẹni tí oyún ti dúró sí lára tí kò tíì sọ fún ìyá rẹ̀.

Àmọ́ àwọn èèyàn wa ò dákẹ́. Wọ́n dá ọgbọ́n. Ará Èkìtì á yí sí Èkìtì, Ìjẹ̀bú á yí sí Ìjẹ̀bú. Ọ̀rọ̀ á wá di "ẹni yẹn", "nǹkan tí mo sọ níjọ́sí", "ibi tí a jọ lọ nígbà òjò". Nígbà tí mo dàgbà tí mo kà nípa àrokò, mo ní háà, ohun kan náà ni. Láyé àtijọ́, bí ọkùnrin bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí obìnrin, ẹfà ni, ó ń sọ pé ọkàn òun fà mọ́ ọn. Bí obìnrin bá dá mẹ́jọ padà, ẹ̀jọ ni, ó ń sọ pé ọkàn àwọn jọra. Ẹni tó ru iṣẹ́ náà mú un la ọjà kọjá lójú gbogbo ayé, bóyá òun gan-an ò sì mọ ohun tó rù. Ohun tí bẹ́ǹṣì abẹ́ agbòòrùn kọ́ wa nìyẹn: ohun tó bá fẹ́ tóbi kó tóbi, ọ̀rọ̀ ló yẹ kó mọ bí a ṣe ń farapamọ́.

Kékeré di ńlá

Lásìkò yẹn kan náà, ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ ń wá fóònù kékeré. Nokia 3310 tó jáde ní ọdún 2000 ò ju gíráàmù 133 lọ, a sì rò pé ó ti kéré tán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tó rí bí abẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Bíríkì wá di ohun ẹ̀sín. Ní ọdún 2003, Nokia ṣe N-Gage, fóònù tí a tún lè fi gba géèmù. Wọ́n fi ibi tí ohùn ń gbà jáde sí etí rẹ̀ dípò ojú rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ pe èèyàn gbọ́dọ̀ gbé e dúró ní ẹ̀gbẹ́, bí ẹni gbé àwo sétí. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò ara wọn pẹ̀lú oríṣiríṣi nǹkan ńlá létí láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé ẹ rí i pé àbúrò mi kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe é?

Ní oṣù Keje ọdún 2010, Steve Jobs, ọ̀gá Apple, bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀, ó ní fóònù tí ọwọ́ ò lè ká, kò sẹ́ni tó máa rà á. Fóònù tirẹ̀ nígbà náà, ínṣì mẹ́ta àbọ̀ ni. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní Berlin, Samsung gbé Galaxy Tab jáde, ínṣì méje, gíráàmù 380. Èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ò lè pe èèyàn, torí wọ́n ti pa apá ìpè inú rẹ̀. Èyí tí wọ́n tà ní Yúróòpù lè pè. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, Samsung kan náà gbé Galaxy Note jáde, ínṣì 5.3, pẹ̀lú gègé. Àwọn oníròyìn ẹ̀rọ fi ṣẹ̀fẹ̀, àwọn oníbàárà sì rà á. Ní ọdún 2013, Asus ṣe Fonepad, tábúlẹ́ẹ̀tì onínṣì méje tí a lè gbé sétí bíi fóònù.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti Sony. Lọ́dún 2013 yìí kan náà, wọ́n ṣe Xperia Z Ultra, ínṣì 6.4. Wọ́n tún ṣe ẹ̀rọ Bluetooth kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ SBH52, kí ènìyàn lè máa gbé ìyẹn sétí nígbà tí fóònù gan-an wà nínú báàgì. Ẹ gbọ́ o: wọ́n ṣe fóònù ńlá tán, wọ́n tún wá ṣe fóònù kékeré tí yóò máa bá a gbọ́ ìpè. Ọdún 2014 ni Apple náà wá gbà, wọ́n ṣe iPhone 6 Plus, ínṣì márùn-ún àbọ̀.

Àmọ́ màámi ò ní owó ẹ̀rọ méjì. Ohun tí àwa tí à ń rẹ́rìn-ín ò rò nìyí. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà, tábúlẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo yẹn ni kọ̀ǹpútà, òun ni tẹlifíṣàn nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, òun ni Bíbélì tàbí Kùránì tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, òun ni ìwé tí wọ́n ń kọ gbèsè ọjà sí. Bí o bá ní ẹ̀rọ méjì, ṣáàjì méjì lo máa wá kiri lọ́dọ̀ ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì sétí, ohun tó ní ló ń lò.

Nínú dánfó

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta tí a ti ń fi màámi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n jáwọ́ nínú gbígbé síléètì sétí. Èmi ni mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ sípíkà. "Ẹ gbé e lé ẹsẹ̀, ẹ máa sọ̀rọ̀ yín. Ẹ ò ní dà bí ará oko mọ́." Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n wọ dánfó láti Ọ̀jọ́tà, wọ́n ń lọ sí Ìkòròdú. Èmi ò sí níbẹ̀. Àwọn ni wọ́n sọ ọ́ fún mi lálẹ́. Fóònù dún. Wọ́n tẹ sípíkà gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ wọn. Ohùn nọ́ọ̀sì kan jáde, ó pe orúkọ wọn pé pérépéré, ó ní èsì àyẹ̀wò ọmú tí wọ́n ṣe ti jáde, kí wọ́n wá rí dókítà kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kí wọ́n sì mú ẹnìkan dání bí wọ́n bá ń bọ̀.

Àwa ọmọ ò tíì mọ̀ pé wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò kankan. Èrò inú dánfó ló kọ́kọ́ mọ̀.

Wọ́n ní ọkọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Kọ́ńdọ́ tó ti ń jà nítorí ṣéńjì pa ẹnu mọ́. Obìnrin kan lẹ́yìn ní, "Màmá, kò ní burú o," gbogbo ọkọ̀ ṣe àmín. Màámi ní àmín yẹn ló dùn wọ́n jù. Wọ́n mọ̀ pé inú rere ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn ò tíì ráyè bá ara àwọn sọ ọ̀rọ̀ náà tí àjèjì fi ń bá àwọn gbàdúrà lé e lórí.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò gbé e sétí. Wọ́n wò mí.

"Ṣebí ìwọ lo ní kí n má gbé síléètì sétí mọ́."

Ọlọ́run bá wa ṣe é, wọ́n tètè rí i, ìtọ́jú sì gbà á. Màámi ṣì wà láyé. Àmọ́ mi ò tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe wò mí.

Ẹnu tó kù

Nísinsìnyí, fóònù tí mo fi ń kọ àròkọ yìí lé ní ínṣì mẹ́fà àbọ̀. Díẹ̀ ló fi kéré sí síléètì màámi, kò sì sẹ́ni tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo wa la ti gbé síléètì. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2016, WhatsApp ti ń di gbogbo ìpè àti ọ̀rọ̀ wa pa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, débi pé àwọn fúnra wọn ò lè gbọ́ ọ. Skánà ọkùnrin Abingdon ò ní gbọ́ nǹkan kan lónìí.

Kí la wá fi èyí ṣe? Ẹ wọ BRT ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ ó rí wa. A á gbé fóònù síwájú ẹnu bí ẹni fẹ́ gé búrẹ́dì jẹ, sípíkà á máa pariwo, ẹni tó wà lókè òkun tí kò mọ̀ pé inú ọkọ̀ la wà á máa tú gbogbo ọkàn rẹ̀ síta. Afẹ́fẹ́ ò jo mọ́. Wáyà ò jo mọ́. Ẹnu wa ló kù. Àṣírí tí à ń tú kì í sábà jẹ́ tiwa nìkan. Ti ẹni tó pè wá náà ni, ẹni tó rò pé etí kan ṣoṣo ló ń gbọ́ òun.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí àgbàlagbà tó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó lè jẹ́ pé òun nìkan ni nínú gbogbo ọkọ̀ yẹn tó ń bo ọ̀rọ̀ ẹnìkejì rẹ̀ láṣìírí.

Fóònù màámi ti yí padà báyìí, òun náà sì tóbi. Bí mo bá pè wọ́n, mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ "Dúró ná." Màá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn, màá gbọ́ ìró ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni èmi náà á béèrè ohun tí mo ti máa ń béèrè láti ọjọ́ dánfó yẹn.

"Màámi, ṣé ó wà létí?"

"Ó wà létí. Ó yá, máa sọ."